Alárenà Ìwé àti Òǹkọ̀wé Onítìjú

Ẹ fi ojú inú wo gbọ̀ngàn ńlá kan nínú ilé ìtura ní ìlú New York. Tábìlì kéékèèké tò yí ògiri ká, aṣojú òǹkọ̀wé kan jókòó sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn òǹkọ̀wé sì tò síwájú wọn bí ẹni tí ó wá pọn omi ní ìdí ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú 3 péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Ìdajì rẹ̀ ni yóò fi sọ ohun tí ìwé rẹ̀ dá lé, ìdajì yòókù ni aṣojú yóò fi bi í ní ìbéèrè tàbí fún un lésì. Bí aago bá ti dún, ó di dandan kí ó dìde fún ẹni tí ó kàn. Pitch Slam ni ìwé ìròyìn Writer's Digest, tí ó jẹ́ agbátẹrù àpérò náà, pe ètò yìí. Ní San Francisco, níbi àpérò mìíràn tí ó jọ ọ́, wọ́n fi í wé eré kíákíá tí àwọn àpọ́n àti omidan máa ń ṣe láti wá ẹni tí wọn yóò fẹ́.

Kò ṣòro láti dá onítìjú mọ̀ lórí ìlà náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń làágùn. Ó ti lo ọdún 5 lórí ìwé rẹ̀, ó mọ àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ju bí ó ti mọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í pé kí ni ìwé náà dá lé, ahọ́n rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ẹ̀bẹ̀: kí wọ́n má bínú, ìwé náà kò tíì dára tó bí òun ti fẹ́, bóyá kò tilẹ̀ ní wu ènìyàn kà. Ìṣẹ́jú kan ti lọ. Bí onítìjú yìí bá tún wá jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí wọ́n tọ́ ní ilé ire ní Òṣogbo tàbí Ìjẹ̀bú-Òde kí ó tó rìnrìn àjò, a jẹ́ pé ẹrù rẹ̀ di méjì.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìtìjú kì í ṣe àrùn. Ọmọ tí kò bá ní ìtìjú ni àwọn òbí ń sunkún lé lórí. Ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í tẹjú mọ́ àgbà nígbà tí ó bá ń bá a sọ̀rọ̀, kì í sì í yin iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ níwájú ẹni tí ó jù ú lọ. Ẹlòmíràn ni yóò yìn ín, òun á sì dáhùn pé kò tó nǹkan. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ohun tí ó tó nǹkan ni, wọ́n sì tún fẹ́ràn rẹ̀ sí i nítorí pé ó ní kò tó nǹkan. Ẹ gbé ìwà yìí dé iwájú tábìlì ní New York tàbí Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ wo bí ìtumọ̀ rẹ̀ yóò ti yí padà. Ojú tí ó wolẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀ di ojú ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. "Kò tó nǹkan" di ẹ̀rí tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ jẹ́ lòdì sí ìwé rẹ̀, aṣojú tí kò mọ àṣà náà á sì gbà á gbọ́. Kò níkà nínú. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni ó gbọ́.

Ta tilẹ̀ ni aṣojú òǹkọ̀wé? Ọ̀rọ̀ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ti wà nínú èdè Yorùbá tipẹ́: alárenà ni. Láyé àtijọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ojú rẹ̀ bá wà lára omidan kan kì í ṣàdédé yọjú sí ilé baba ọmọ. Alárenà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀, òun ni ó mọ ìdílé méjèèjì, òun ni ó mọ ọ̀rọ̀ tí a ń sọ àti èyí tí a ń pa mọ́. Iṣẹ́ aṣojú nìyẹn láàárín òǹkọ̀wé àti ilé iṣẹ́ tí ń gbé ìwé jáde. Ará Scotland kan, A. P. Watt, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó sọ ọ́ di òwò gidi, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní apá ìparí ọ̀rúndún 19. Ìdá 10 nínú 100 ni ó ń gbà lórí owó ìwé nígbà náà. Lónìí, ìdá 15 ni ó wọ́pọ̀, ó sì sábà máa ń di 20 bí wọ́n bá ta ẹ̀tọ́ ìwé náà sí ilẹ̀ òkèèrè. Aṣojú tí ó mọ ẹ̀tọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kí ó tó ka ìwé. Ìgbà tí ìwé bá tà ni òun náà tó jẹun. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí òǹkọ̀wé san owó ìkàwé ná, ẹsẹ̀ ni kí òǹkọ̀wé náà bá sọ̀rọ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ìdí tí ènìyàn fi ń wá alárenà ni pé kò yẹ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn máa fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ. Bí ó bá wá di pé kí òǹkọ̀wé tó rí alárenà, àfi kí ó kọ́kọ́ fi ẹnu dídùn fẹ́ alárenà fúnra rẹ̀, kí ni alárenà wà fún? Ohun tí wọ́n sì ń fi ẹnu dán wò yìí, ohun tí a fi ọwọ́ kọ ni. Ẹni tí yóò ra ìwé náà kò ní gbọ́ ohùn òǹkọ̀wé. Kò ní mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú ìwé ni yóò bá pàdé. Ètò tí ó fi ahọ́n ṣe òdiwọ̀n kálàmù yóò máa yan àwọn tí ó mọ̀rọ̀ sọ, yóò sì máa rò pé àwọn tí ó mọ̀wé kọ ni òun ń yàn. Àwọn méjèèjì lè bára wọn pàdé nínú ènìyàn kan, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó so wọ́n pọ̀.

Ìtàn Amos Tutuola yẹ kí ó máa dún ní etí àwọn tí ń ṣètò irú àpérò bẹ́ẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ìránṣẹ́ ni ní ẹ̀ka ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Èkó, ilé ìwé tí ó lọ kò sì pọ̀. Ó rí ìpolówó ẹgbẹ́ kan tí ń gbé ìwé ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì jáde, United Society for Christian Literature, ó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Ìtàn ọ̀mu ẹlẹ́mu tí ó wá ẹni tí ń dá ẹmu fún un lọ sí ìlú àwọn òkú, tí iwin kún inú rẹ̀ dẹ́nu, ni ó fi ránṣẹ́ sí àwọn oníwàásù! Wọn kò lè tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò jù ú nù. Wọ́n bá a wá ilé iṣẹ́ tí ó lè tẹ̀ ẹ́, Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù sì gbé The Palm-Wine Drinkard jáde ní ọdún 1952. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn ṣe alárenà láìmọ̀ pé òun ń ṣe é. Ká ní ìṣẹ́jú 3 ni wọ́n fún Tutuola níwájú tábìlì ní ọdún náà, kí ó fi ẹnu ṣàlàyé ìwé yẹn fún àjèjì, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni, kí aago sì máa kà lé e lórí! Ohun tí ó mú ìwé náà yàtọ̀ gan-an ni ìbá lé aṣojú sá.

Ẹni tí ó bá ní ayé àtijọ́ nìyẹn, kí ó wo Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ẹni tí ìwé rẹ̀ Children of Blood and Bone, tí ọ̀rọ̀ Yorùbá kún inú rẹ̀, jáde ní ọdún 2018 tí ó sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Kí ìwé náà tó tà, ó díje nínú Pitch Wars, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí òǹkọ̀wé Brenda Drake dá sílẹ̀, tí ó sì parí ní ọdún 2022, níbi tí òǹkọ̀wé tí ó ti nírìírí ti máa ń bá ẹni tuntun tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe nígbà náà kí wọ́n tó gbé ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ síwájú àwọn aṣojú. Orí ìwé ni gbogbo rẹ̀ ti wáyé. Àwọn aṣojú fúnra wọn kì í sì fi pamọ́ pé inú lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n ti ń rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé wọn, pé iye àwọn tí wọ́n rí ní ìdí tábìlì kéré sí i.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn tí ó fẹ́ràn ètò yìí. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Aṣojú tí ó bá gba òǹkọ̀wé kan mọ́ra lè bá a ṣe fún 20 ọdún, kò sì burú bí ó bá fẹ́ mọ irú ẹni tí òun fẹ́ bá wọ ọkọ̀. Lẹ́tà tí ó wọlé sí àpótí ímeèlì rẹ̀ pọ̀ bí eṣú. Ẹni tí ó bá ti rí sójú, tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí ó fi ìwé ránṣẹ́, yóò ṣáájú àwọn yòókù. Àǹfààní gidi ni. Ẹni tí ó bá torí ìtìjú sá fún un, ó ti fi í sílẹ̀ fún aláriwo. Ohun tí ó dùn mí-ín-mí-ín nínú ẹjọ́ àwọn alágbàwí yìí ni pé òǹkọ̀wé á ṣì lọ sórí rédíò bópẹ́ bóyá, kí ó yáa kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìwé bá ti wà lọ́wọ́ ènìyàn ni ti rédíò. Ọ̀rọ̀ a máa yá lẹ́nu ẹni tí wọ́n ti kà tán.

Ohun tí ó ń dẹ́rù ba onítìjú jù lọ ni pé ó rò pé ìdájọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún òun ní ìdí tábìlì yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí aṣojú tí í buwọ́ lu ìwé àdéhùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3. Èyí tí ó dára jù tí ó lè ṣẹlẹ̀ ni kí aṣojú ní, "Ẹ fi ojú ìwé 50 àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi." Èyí tí ó burú jù ni kí ó ní irú ìwé yẹn kọ́ ni òun ń tà. Bí ó bá sì sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí òǹkọ̀wé ní nígbà tí ó jókòó náà ni ó ní nígbà tí ó dìde. Lẹ́tà ṣì wà, aṣojú mìíràn ṣì wà. Ìwé kan kò kú sí ìdí tábìlì rí.

Ilẹ̀ Yorùbá tí ó kọ́ ọmọ ní ìtìjú yìí kan náà ni ó sì ni ìpolówó ọjà. Ọmọbìnrin tí kò lè wo àgbà lójú nínú ilé, bí wọ́n bá ti gbé igbá lé e lórí, ohùn rẹ̀ á gba àdúgbò kan. Kí ni ó fà á? Kì í ṣe ara rẹ̀ ni ó ń yìn. Kò sí ẹlẹ́kọ tí ń kiri pé òun mọ ẹ̀kọ ṣe ju àwọn ará yòókù lọ, tàbí pé ọdún 5 ni òun fi kọ́ iṣẹ́ náà. Ó ní ó gbóná. Oní-mọ́ínmọ́ín ní ó lẹ́dẹ, ó lẹ́yin. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹni tí ebi ń pa nínú yàrá ti mọ ohun tí ń kọjá lọ, ó sì ti mọ̀ bóyá òun fẹ́ ẹ. Ẹni tí kò fẹ́ kò bú u. Ọlọ́jà náà kò sì jókòó sunkún síwájú ilé onítọ̀hún. Ó kọjá sí ojúlé kejì. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìpolówó láti kékeré kò nílò kí ará Amẹ́ríkà kankan wá kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń pè ní pitch.

Ohun tí aṣojú ń fẹ́ gbọ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ìwé wo ni, ó sì ti gùn tó? (Ìtàn àròsọ fún àgbàlagbà sábà máa ń wà láàárín ọ̀rọ̀ 80,000 sí 100,000.) Ta ni ó wà nínú rẹ̀, kí ni ó ń wá, kí ni ó dí i lọ́nà, kí ni yóò sì pàdánù bí kò bá rí i? Ìwé wo tí ó jáde láìpẹ́ ni a lè tò ó tì lórí pẹpẹ? Òǹkọ̀wé tí ó bá ní ìwé òun dá lórí ìfẹ́, àdánù àti ìrètí kò tíì sọ nǹkan kan, nítorí kò sí ìwé tí kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ká ní báyìí ni ó sọ ọ́ ńkọ́: "Ní Òṣogbo, obìnrin aláró kan sin ọkọ rẹ̀ tán ni ó tó mọ̀ pé ọkọ náà ti ta ilé tí wọ́n ń gbé fún ẹni méjì. Oṣù 3 ni ó ní láti dá owó ẹnì kan padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun àti ọmọ rẹ̀ á bọ́ síta. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè yá a lówó náà ni àbúrò ọkọ rẹ̀, ìyẹn sì ti sọ pé àfi bí ó bá gbà láti di ìyàwó òun."

Sísọ èyí kò gba ìṣẹ́jú kan. Ìgbéraga kankan kò sí nínú rẹ̀. Òǹkọ̀wé kò sọ pé òun mọ̀wé kọ, kò sì tọrọ gáfárà. Opó náà ni ó ń ṣe ẹ̀rí fún un. Aṣojú tí ó bá gbọ́ ọ yóò fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin náà gbà. Ní kété tí ó bá sì ti bèèrè, ìpàdé náà ti yí padà: ọ̀rọ̀ ìwé ni wọ́n ń sọ, wọn kò sọ ti òǹkọ̀wé mọ́. Onítìjú tí kò lè sọ gbólóhùn méjì nípa ara rẹ̀ lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú nípa ohun tí ó fẹ́ràn. Ẹni tí ó bá ti bá irú wọn gbé rí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyókù kò le. Kí òǹkọ̀wé kọ ìpolówó rẹ̀ sórí káàdì pélébé kan, kí ó sì kà á jáde sí etí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ìwé náà, nítorí ibi tí olùgbọ́ bá ti di ojú rú, ibẹ̀ ni àtúnṣe wà. Kò sí òfin tí ó ní kí ó má ka káàdì náà ní ìdí tábìlì. Aṣojú, tí ìwé kíkà jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, kò ní bínú sí ẹni tí ń kàwé. Bí ó bá fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba pé àyà òun ń já, kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì kọjá lọ. Bí ìtàn àròsọ bá ni, kí ó ti kọ ọ́ parí kí ó tó rìn dé ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kí ó fi ìwé ránṣẹ́, tí ìwé kò tíì sí, ti fi owó ọkọ̀ ṣòfò. Kí ó sì kọ ọ́ sí àkọlé ímeèlì rẹ̀ pé aṣojú ni ó bèèrè fún un, kí ó má baà rì sínú ogunlọ́gọ̀. Ti àwọn tí kò mọ ìtìjú rárá wà níbẹ̀ pẹ̀lú: àwọn aṣojú ní ìtàn ẹni tí ó ti ìwé rẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ wọlé bá wọn. Ó dájú pé kì í ṣe onítìjú ni ó ṣe ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí gbogbo àtúnṣe wà lọ́rùn onítìjú nìkan. Àwọn alápèérò ní tiwọn láti ṣe, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì ti wà. Níbi àpérò tí Jericho Writers ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aṣojú ti ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kí òǹkọ̀wé tó jókòó síwájú rẹ̀, ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n sì fi ń jíròrò. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dá lórí ohun tí ó wà lórí ìwé. Onítìjú kò ní láti fọ́nnu, kìkì kí ó dáhùn. Bí New York bá lè ṣe ìdajì èyí, kí aṣojú ka ojú ìwé kan ṣoṣo nínú ìṣẹ́jú 3 yẹn kí ó tó la ẹnu, ìlà náà á yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ àpérò ni ó sì ń gba owó ọ̀tọ̀ lórí ìjókòó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣojú. Ẹni tí ó bá san owó láti sọ̀rọ̀, ó tọ́ kí ẹni tí ó gbọ́ ọ ti mọ ohun tí ó kọ.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà mìíràn, nítorí alárenà ìwé ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Àjọ̀dún ìwé Aké, tí Lola Shoneyin dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 2013 kí ó tó kó lọ sí Èkó, ń fún òǹkọ̀wé àti àwọn tí ń gbé ìwé jáde láyè láti fojú kanra. Ìyẹn fún àwọn tí ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì jù lọ. Ẹni tí ń kọ ìtàn ní èdè Yorùbá ni yóò fúnra rẹ̀ di ìwé rẹ̀ mọ́ abíyá lọ sí Ìbàdàn, níbi tí University Press, Evans àti HEBN fìdí kalẹ̀ sí, kí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí ó dìde fún olóòtú tí ń kọjá, kí ó sì wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ láàárín ẹnu ọ̀nà àti àtẹ̀gùn. Ìyẹn kéré sí ìṣẹ́jú 3. Àwọn tí ó gbójú ń padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin. Àwọn onítìjú ń gbé ìwé wọn padà sínú àpótí, ibẹ̀ ni ikán sì ń bá a. Kò ná ilé iṣẹ́ kankan ní owó ńlá láti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láàárín oṣù, kí wọ́n gba ojú ìwé 10 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá mú un wá ní èdè Yorùbá, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí yóò gbọ́ èsì fún un kí ó tó kúrò níbẹ̀.